Ojú Tí Runa Fi Abẹ́rẹ́ Ha

Winnipeg,
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kọkànlá, 2024.

Justina, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Abram ọkọ rẹ, mo sì kí orúnkún rẹ tuntun tí mo gbọ́ pé ó ti ń gun àtẹ̀gùn láìkùn. Bí lẹ́tà yìí bá bá yín nínú ayọ̀ àti ara líle, ọpẹ́ ni. Bí ó bá sì bá yín nínú òjò ìhà ọ̀dọ̀ yín tí kì í dá, ẹ fi ara dà á, nítorí níbí yìnyín ti bo ọgbà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì ti fi ṣọ́bìrì kó o lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ara mi le. Ara Màmá náà le, ohùn rẹ̀ sì le ju ara rẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí ìwọ yóò ti rí i kí o tó ka ìwé yìí tán.

Mò ń kánjú kọ ọ́ kí Neta, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tó fóònù sí ọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló pè mí lánàá, o sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó bá gba ẹnu Neta kọjá a máa sanra lọ́nà. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí. Jókòó, bu kọfí, kí o gbé ẹsẹ̀ rẹ sórí àpótí.

Ìròyìn kìíní ni pé wọ́n ti sọ Runa, ayálégbé mi, di ènìyàn ńlá. Ilé sinimá tó wà ní àárín ìlú, tí Runa ti kọ̀wé sí nígbà mẹ́fà láàárín ogún ọdún tí wọn kò fèsì, fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko ṣe àfihàn gbogbo fíìmù tó ti ṣe láti ọdún 1979 títí di òní. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára ògiri: Runa Bjarnason, ayàwòrán, aṣefíìmù, ajà-fún-ẹ̀tọ́-obìnrin. Wọ́n tún tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan láti fi yìn ín. Gbólóhùn àkọ́kọ́ inú rẹ̀ gùn bí ojú irin, kò sì sí ibi téèyàn ti lè sọ̀ kalẹ̀ láàárín rẹ̀. Mo fi báírò pupa sàmì sí i. Mo ti fẹ̀yìn tì, báírò kò tíì fẹ̀yìn tì.

Ó yẹ kí o mọ bí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin mẹ́jọ ni wọ́n, nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù atúnbàtàṣe, pẹ̀lú kámẹ́rà kan ṣoṣo tí wọ́n yá, tí ìdérí rẹ̀ kì í dé àyàfi kí wọ́n fi rọ́bà dì í. Òfin wọn ni pé kò sí ọ̀gá láàárín wọn, àti pé bí ẹnì kan ṣoṣo bá kọ̀, gbogbo wọn ti kọ̀ nìyẹn. Ọ̀rẹ́ kan mú mi lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé kan. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi jiyàn bóyá ó tọ́ kí ẹnì kan máa nawọ́ sí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn láti sọ, nítorí ẹni tó ń nawọ́ ti fẹ́ máa jọ ọ̀gá. Nígbà tí ẹnu wọn fi máa kò, oòrùn tí wọ́n fẹ́ fi ya àwòrán ti wọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí obìnrin kan tó jókòó sójú fèrèsé, tó ń jẹ ápù. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Tíṣà, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ní kíláàsì yín?" Mo ní, "Rárá o. Àwọn tèmi ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n gbọ́n ju báyìí lọ." Bí mo ṣe mọ Runa nìyẹn.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé kí ó lè máa rí fíìmù rà. Ó ya àwọn obìnrin tó ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn. Ó ya tẹ̀gbọ́n tàbúrò méjì, arúgbó, tí wọ́n ń pẹja nínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sára adágún tó ti dì. Fún ogún ìṣẹ́jú wọn kò fọhùn, níkẹyìn ọ̀kan ní, "Ẹja ń bọ̀," ẹja kò sì bọ̀. Ó ya àwọn obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin bíi tiwọn, tí wọ́n ń jó nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n háyà lórúkọ ẹgbẹ́ ahunsúwẹ́tà. Ọ̀gbẹ́ni kan nínú ìgbìmọ̀ ìlú dìde pé ìtìjú gbáà ni fíìmù yẹn. Wọ́n bi í pé ṣé ó ti wò ó, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Inú kíṣìnì wa ni Runa ti ń fọ fíìmù wọ̀nyí, nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú kọfí àti sódà ìfọṣọ. Mo ò tàn ọ́, kọfí a máa mú àwòrán jáde. Ọdún mẹ́wàá ni ọpọ́n ìwẹ̀ mi fi pọ́n rúsúrúsú, tí mo sì ń sọ fún Màmá pé omi àdúgbò ni.

Ṣùgbọ́n fíìmù kan wà láàárín wọn tó jẹ́ ti ọdún 1985. Iṣẹ́jú mọ́kànlá ni, kò lóhùn, orúkọ rẹ̀ sì ni Fúláwà. Obìnrin kan dúró nídìí tábìlì, ó ń ṣe vereniki. Ó pò fúláwà, ó gé e, ó fi wàràkàṣì sínú rẹ̀, ó pa á dé, ó sì ń fi ìka tẹ etí rẹ̀. Obìnrin kejì wọlé, ó nu fúláwà kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹni àkọ́kọ́, ó sì fi ẹnu kò ó níbẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin kejì ni Runa. Ojú ẹni àkọ́kọ́ kò hàn, nítorí pé wọ́n ti ha á kúrò lára fíìmù náà. Níbi tí ojú yẹ kó wà, ìlà funfun ló ń jó bí iná.

Justina, èmi ni obìnrin náà.

Mo ti kọ ọ́ wàyí, òrùlé kò sì wó lù mí. Mo jẹ ọ́ ní ẹ̀bẹ̀ kan lórí rẹ̀. Ní ọdún 1991, nínú mọ́tò rẹ, nígbà tí a ń ti ìsìnkú Bàbá bọ̀, o bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí ẹnì kan ní ọ̀dọ̀ yín tó ń ṣìkẹ́ yín?" Mo ní mo ní ayálégbé kan tó mọ ọbẹ̀ sè. O wo mí, o kò sì tún béèrè mọ́. Ìbéèrè rẹ dára, èsì mi ni kò dára. Jọ̀wọ́, forí jì mí.

Kí ó má bàa jọ pé ojo lásán ni mí, rántí bí ayé ti rí ní 1985. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n lé olùkọ́ kan tí mo mọ̀ kúrò níṣẹ́, nítorí pé òbí ọmọ kan rí i níbi tó ti di ọwọ́ obìnrin mú nílé oúnjẹ. Nínú ìwé tí wọ́n fi lé e, wọ́n kọ ọ́ pé kò mọ ìṣirò kọ́ ọmọ. Bàbá wa ṣì jẹ́ alàgbà ìjọ. Mo gbà kí Runa yà mí, mo sì ti kábàámọ̀ kí fíìmù náà tó gbẹ. Mo ní kó jó o. Ó ní òun á ha ojú mi kúrò lára ẹ̀dà kan, òun á sì jó ògidì rẹ̀. Láti Kérésìmesì títí di Àjíǹde ló fi jókòó sídìí fèrèsé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ìránṣọ àti awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, tó ń ha ojú mi kúrò, àwòrán tín-ín-tìn-ìn-tín kan tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ó búra fún mi pé kò sí ẹni tó máa mọ ojú ta ni, àyàfi bí èmi fúnra mi bá sọ ọ́.

Ìlà funfun yẹn ló wá sọ ọ́ di olókìkí. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Whitlock kọ ogójì ojú ìwé nípa rẹ̀. Ó ní ihò tí ayé ọkùnrin gbẹ́ sínú ìtàn obìnrin nìyẹn, ó ní àìsí tó ń kígbe ni. Lọ́jọ́ tí mo ka ìwé náà, àìsí tó ń kígbe ọ̀hún wà nídìí tábìlì, ó ń jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú jáàmù. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, díẹ̀ nínú ohun tó kọ jẹ́ òótọ́, ìyẹn gan-an ló sì bí mi nínú jù.

Nínú oṣù Kẹwàá, ilé sinimá náà kọ̀wé pé bí àwọn ti ń tún àwọn fíìmù àtijọ́ ṣe, àwọn rí agolo kan nínú ẹrù Runa, ògidì Fúláwà ló wà nínú rẹ̀, ojú obìnrin náà sì mọ́ kedere. Ṣé àwọn lè fi èyí hàn ní ọjọ́ ìkẹyìn? Kí àwọn gbọ́ kó tó di Fúráìdè. Mo ka lẹ́tà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Runa, o ní o ti jó o." Ó ní, "Mo fẹ́ jó o lóòótọ́. Mo ṣáná, mo wo ojú rẹ, mo wá fi iná náà se tíì." Mo bínú sí i títí di ọjọ́ kejì. Ó ní, "Ojú tìrẹ ni. Bí o bá ní rárá, rárá náà ni." Kò tún sọ ọ́ mọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni ariwo abọ́ tó ń fọ̀ fi pọ̀ ju abọ́ lọ.

Mo bi ara mi pé ta ló kù tí mò ń bẹ̀rù. Bàbá ti sùn. Ilé-ìwé ti fún mi ní aago ògiri, wọ́n sì ti gbàgbé mi. Màmá nìkan ló kù. Apá mi ló ń fara tì ní gbogbo Sọ́ńdè bí a bá dìde kọrin, òun lóhùn kejì, èmi lóhùn kìíní, lẹ́yìn náà a ó lọ jẹ búrẹ́dì roboto ní yàrá rẹ̀ nílé àwọn arúgbó. Bí ó bá wá yọ apá rẹ̀ kúrò lára tèmi ńkọ́? Mo ti pé ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin, àyà mi sì ń já bíi ti ọmọ tó fọ́ fèrèsé. Mo ní rárá. Runa fóònù sí wọn pé kí wọ́n fi èyí tó ní ìlà hàn.

N kò sọ fún Màmá pé àfihàn kankan wà. Neta ló sọ ọ́. Màmá ránṣẹ́ pè mí. "Ayálégbé rẹ ni wọ́n ń yẹ́ sí, o wá panu mọ́? Ẹni tó ti ń bá ọ kó yìnyín fún ọdún méjìdínlógójì! Ṣé bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn?" Mo ní, "Màmá, àwọn fíìmù náà gùn." Ó ní, "Ìwàásù náà gùn." Mo ní èyí tí wọ́n máa fi parí kò tilẹ̀ lóhùn. Ó ní, "Etí tèmi náà ò gbọ́ràn. A bára wa mu nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ti Màmá lórí àga onítáyà wọ ilé sinimá lọ́sàn-án Sátidé, ó wọ aṣọ dúdú tó ń wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó, ó dé fìlà onírun. Iwájú pátápátá ni wọ́n fi wá sí. Ènìyàn igba ló wà lẹ́yìn wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Whitlock gun orí pèpéle, ó sọ̀rọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Màmá fi ohùn tó rò pé jẹ́jẹ́ ni bi mí pé, "Pásítọ̀ wọn nìyí?" Mo ní, "Rárá, Màmá." Ó ní, "Ó yẹ kó jẹ́." Wọ́n pa iná, Fúláwà bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ tí a jọ dàgbà, o mọ ohun tí mo gbàgbé. Ní ìlú wa, ilé kọ̀ọ̀kan ló ní bí ó ti ń pa vereniki dé. Ilé Penner ń fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́, ilé Wiebe ń lọ́ ọ bí okùn. Tiwa nìkan là ń tẹ̀, tí a tún ń ṣẹ́ padà bí ìṣẹ́tí aṣọ, lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn obìnrin ìlú wa á wo abọ́ kan níbi òkú, wọ́n á sọ ilé tó ti wá láìtọ́ ọ wò. Runa tó fi oṣù mẹ́rin ha ojú mi kò mọ èyí, ọmọ apẹja ni. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n, kò wá sí mi lọ́kàn fún odidi ọdún mọ́kàndínlógójì. A bo ojú, a fi ọwọ́ sílẹ̀.

Mo rí i tí Màmá na ọrùn síwájú. Ó ní, gbogbo ilé gbọ́ ọ, "Agatha! O tẹ etí rẹ̀ tínrín jù. Ó máa là nínú omi gbígbóná!" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, ẹ rọra." Runa wọlé nínú fíìmù náà, ó nu fúláwà, ó fi ẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́. N kò lè wo ojú Màmá. Fíìmù parí, iná tàn. Màmá gbé ohùn sókè: "Ta ló ha ojú ọmọ mi?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n Whitlock fa gbohùngbohùn mọ́ra. Ó ní, "Ìbéèrè tó jinlẹ̀ gan-an nìyẹn. Ta ni, lóòótọ́, ta ló ha ojú náà? Ṣé kì í ṣe gbogbo wa…" Màmá ní, "Bàbá, jókòó. Mi ò bá ọ wí. Mo ní ta ló ha á?" Runa dìde níbi tí wọ́n fi í jókòó sí lórí pèpéle. Ó ní, "Èmi ni, mà." "Kí ló ṣe ọ́?" Runa ṣí ẹnu, ó wo mí, ó sì pa ẹnu náà dé. Ní iwájú igba ènìyàn, lọ́jọ́ tí wọ́n ń yẹ́ ẹ sí, tí ọ̀rọ̀ kan péré lè gbà á, obìnrin yìí tún mú ẹ̀jẹ́ ọdún 1985 ṣẹ. Ó dúró bẹ́ẹ̀ bí ọ̀daràn.

Àbúrò mi, ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́ta ni mo fi sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kí ó dìde kó sọ òótọ́. Mo dìde. Mo ní, "Màmá, èmi ni mo ní kó ha á." Ó ní, "Nítorí kí ni?" Mo ní, "Nítorí yín."

Ó wo mí. Mo rò pé yóò ní kí n ti òun lọ sílé. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó ní, "Mo bí ojú yẹn. Wákàtí mọ́kànlélógún ni mo fi rọbí, yìnyín ti dí ọ̀nà mọ́ dókítà. Ọ̀rọ̀ tó kù, èmi àti Ọlọ́run á jọ sọ ọ́, ó ti pẹ́ tá a ti jọ ń jiyàn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ti abẹ́rẹ́ bọ ojú ọmọ mi, ì báà jẹ́ nítorí mi." Ó kọjú sí Runa. "Ìwọ, ṣé ó ṣeé tún ṣe?" Runa ní, "Èyí tó mọ́ wà, mà. Ó wà lókè níbẹ̀." Màmá gbé àpamọ́wọ́ rẹ̀ sórí itan. Ó ní, "Ẹ gbé e wá. Mi ò tíì ń lọ."

Gbogbo wọn wo mí. Mo ní, "Ẹ fi hàn."

N kò mọ bí mo ṣe máa sọ ohun tí mo rí fún ọ. Ọmọbìnrin ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kan ló dúró ní kíṣìnì, ó ń rẹ́rìn-ín kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, nítorí pé ó gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀. Mo ti rò pé ìbẹ̀rù ló wà lójú mi nígbà yẹn. Kò sí ìbẹ̀rù kankan níbẹ̀, Justina. Lẹ́yìn tí mo rí fíìmù náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀rù. Màmá di ọwọ́ mi mú látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìka rẹ̀ sì le bí ẹ̀mú. Àwọn ènìyàn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Runa títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí nu imú sí etí aṣọ. Ara mi fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìrìn ọ̀nà jíjìn, tí ọrùn rẹ̀ ń wá ẹrù náà kiri.

Runa ló wa mọ́tò gbé Màmá padà. Nígbà tí a kọjá afárá, Màmá kọjú sí Runa. Ó wá ní, "Ìwọ. Aago mẹ́ta la máa ń jẹun ní Sọ́ńdè. Má pẹ́ o." Runa ní, "Mi ò ní pẹ́, mà."

N kò ní sọ fún ọ pé ohun gbogbo ti di oyin. Ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá, àwọn méjì kan fi àgbọ̀n kí Màmá, pásítọ̀ sì bọ̀ wá lọ́wọ́ bí ẹni tó fọwọ́ kan síítófù. Màmá ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Ó fara ti apá mi, ó sì kọ ohùn kejì rẹ̀, ó ṣì í lọ bó ṣe máa ń ṣì í lọ. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni Runa kan ilẹ̀kùn, ó ti gé irun, ó dúró bí ẹni tó wá wá iṣẹ́. Màmá kò mọ ohun tó máa pè é, ó kàn ń pè é ní "ìwọ". A jókòó. O mọ àdúrà Màmá kí a tó jẹun, bó ṣe máa ń dárúkọ gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́kọ láya, láti orí àgbà dé orí ọmọ-ọmọ. Ó pe orúkọ Bàbá. Ó ní, "Agatha," ó sì dúró. Ibi tó máa ń kọjá sí "Justina àti Abram" nìyẹn láti ogójì ọdún. Ó dúró pẹ́ débi pé mo la ojú kan. Ojú tirẹ̀ dì pinpin. Ó ní, "Agatha àti Runa. Justina àti Abram." Ó sì ń bá a lọ.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí orúnkún rẹ gbé ọ dé ibi ayọ̀, kí ó má ṣe jẹ́ kí ìwọ àti Abram fẹ́ ara yín kù. Kí àwọn ọmọ rẹ rí ẹni tí wọ́n lè sọ òótọ́ fún ní kùtùkùtù ayé wọn, kí wọ́n má bàa pẹ́ tó bí mo ti pẹ́. Runa kí ọ. Bí o bá máa bínú sí mi, bínú kíá, kí o lè parí rẹ̀ kó tó di Kérésìmesì, nítorí a fẹ́ wá kí yín, àwa méjèèjì.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò ní nǹkan kan tó ń fi pamọ́ fún ọ mọ́,
Agatha.

Àfikún: Ilé-ẹ̀kọ́ kan fóònù ní òwúrọ̀ yìí pé kí n wá bá àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ fíìmù sọ̀rọ̀ ní oṣù Kìíní ọdún tó ń bọ̀. Mo béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí n sọ, wọ́n ní ohunkóhun tó bá wù mí. Mo ti gbà. Mi ò tíì sọ fún wọn pé ìdánwò máa wà lẹ́yìn rẹ̀.